Abẹ́rẹ́ Tó Ń Ti Abíjàn Bọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ẹ ń wá ẹ̀rí ẹni tí Ọlọ́run wò sàn, tó wá ń jó kiri àdúgbò, ẹ má bínú, èmi kọ́ lẹ ń wá. Ara mi kò yá. Dókítà tó ń tọ́jú mi kò sì purọ́ fún mi pé yóò yá. Ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé oògùn kan wà tó yẹ kó fi ọdún púpọ̀ kún ọjọ́ ayé mi. A rí i rà, ó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n gún un fún mi, síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́, nítorí ohun kékeré kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ẹni tí àìsàn yìí bá mú lẹ́yìn mi, n kò fẹ́ kó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Múínátù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Jàmíù ni gbogbo Ọlá ń pè mí. Ọlá kò jìnnà sí Ẹ̀jìgbò, ọ̀kadà á gbé yín débẹ̀ kí ìdí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Ọkọ mi ń gbin ẹ̀gẹ́, èmi ń fi ẹ̀gẹ́ náà ṣe gàrí. Nídìí agbada gàrí ni àìsàn yìí ti kọ́kọ́ kí mi. Ooru kan á ṣàdédé ti àyà mi gòkè, á gba ọrùn, á gba ojú, ẹyinjú mi á pọ́n, etí mi á máa gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kò ní pẹ́, á sì lọ. Ta ni yóò bá agbada gàrí jà pé ó gbóná? Iná ni mo rò pé ó ń ṣe mí. Àwọn obìnrin tí a jọ ń yan gàrí fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí.

"Ìyá Jàmíù, ta lo tún rí tí ojú ń tì ọ́ báyìí?"

"Ọkọ àárọ̀ rẹ̀ ló kọjá. Ẹ ò rí i bó ṣe ń wo títì?"

Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá fi igbá ro gàrí mi lọ. Ṣùgbọ́n ooru náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi délé. Mo lè wà lábẹ́ igi, kí atẹ́gùn máa fẹ́, kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, á tún gbà mí. Wọ́n ní nǹkan oṣù mi ló ń dágbére. Èyí bọ́gbọ́n mu, ọjọ́ orí mi ti tó bẹ́ẹ̀, mo sì gbà. Ohun tí n kò lè fi nǹkan oṣù ṣàlàyé ni ìgbẹ́ gbuuru tó tẹ̀ lé e. N kò jẹ ohun tó bàjẹ́. Ohun tí gbogbo ilé jẹ ni mo jẹ, èmi nìkan ló ń sáré lọ ṣalángá.

Ní ilẹ̀ wa, kò sí ohun tí jẹ̀díjẹ̀dí kò lè fà. Ẹ̀yìn ń dùn ọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ojú rẹ ò ríran, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí o bá jẹ gbèsè pàápàá, ẹnìkan á ní kó o lọ mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n sè é fún mi, ìkòkò lẹ́yìn ìkòkò, mo sì ń mu ún. Ẹ wo ọgbọ́n wa: àgbo tó ń ṣí inú sílẹ̀ ni a ń fún ẹni tí inú tirẹ̀ kò dé. Mo rù débi pé ìró tí mo ń ró lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ró o yí ara mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọkọ mi ló kó àrùn kò-gbóògùn wálé fún mi láti ìrìn-àjò, ọkọ mi tí kò kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé rẹ̀.

Nígbà tí mo wá lọ sí ilé ìwòsàn, táífọ́ọ̀dù ni wọ́n pè é. Wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù náà, ó tún di ọgbẹ́ inú. Wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ inú, ó tún padà di táífọ́ọ̀dù. N kò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ẹni tí kò rí ẹfọ̀n rí, màlúù ni yóò pè é. Dókítà kan tó jẹ́ agùnbánirọ̀ ló fọwọ́ tẹ ikùn mi, tó tún tẹ̀ ẹ́, tó sì ní kí a lọ ya àwòrán inú. Àwòrán yẹn ló lé wa dé ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlà níbẹ̀ fún yín. Ẹni tí ìgbẹ́ ń yọ lẹ́nu kò lè tò sí ìlà. A ó ti ilé jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó débẹ̀ bá àwọn tó sùn sẹ́nu ọ̀nà. Ìlà fún káàdì wà, ìlà fún ẹ̀jẹ̀ wà, ìlà fún dókítà wà. Bí mo bá ti sún mọ́ iwájú, inú mi á dún. Màá bọ́ bàtà mi kan sílẹ̀ sípò mi, màá fi ẹsẹ̀ kan lásán sáré lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń bá bàtà náà níbi tí mo fi í sí. Nígbà mìíràn wọ́n á ti fẹsẹ̀ gbá a lọ sẹ́bàá ògiri, àwọn èèyàn á sì ti kọjá mi lọ. Mo sunkún lórí ìlà yẹn níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú kò sì tì mí.

Dókítà tó rí mi níkẹyìn jẹ́ obìnrin tí kò ga, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní kí ọkọ mi jókòó tì mí.

"Màmá, ẹ ò lẹ́bi kankan nínú èyí," ó ní. "Kókó kan wà nínú ìfun yín. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì ti ju irúgbìn sínú ẹ̀dọ̀ yín. Nínú ara gbogbo wa, àwọn omi kan wà tí ara fi ń ránṣẹ́ káàkiri, họ́mónù la ń pè wọ́n. Kókó yìí ń da tirẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ara rán an níṣẹ́. Òun ló ń mú ojú yín gbóná. Òun náà ló ń lé yín lọ ṣalángá."

Ọkọ mi béèrè pé, "Ṣé jẹjẹrẹ ni, Dókítà?"

"Ọ̀kan nínú ẹbí jẹjẹrẹ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n èyí kì í sáré."

"Ṣé ẹ máa gé e kúrò?"

"Ó ti dé ẹ̀dọ̀, gígé nìkan kò lè kó o tán. Abẹ́rẹ́ kan wà. Họ́mónù ni òun náà, irú èyí tí ara fi ń sọ fún àwọn yòókù pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Kò ní pa kókó náà, ṣùgbọ́n á dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní àwọn tó ti ń gbà á fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mọ́ra délé: á dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n mo ronú pé ohun tí wọ́n bá dì lọ́wọ́ mú kò lè pa mí lónìí.

Ilé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí à ń pè ní Ìyá Ìsúndúnrin nítorí ìlú yẹn ni wọ́n lọ́kọ sí, dé ní ọjọ́ kejì. Ògìyán ni wọ́n ń sìn, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ wá, wọ́n sì fẹ́ràn mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé.

"Ìyàwó mi, jẹjẹrẹ kì í fẹ́ kí irin kan òun," ni wọ́n wí. "Bí o bá ti gún un, o ti tọ́ ọ níjà nìyẹn. Omi ìgbín ni mo gbé wá. Ohun tó bá gbóná, ẹ̀rọ̀ là á fi pa á."

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ṣùgbọ́n dókítà ní…"

"Dókítà ló bí ọ ni?"

Mo mu omi ìgbín. Mo mu hàǹtú tí àlùfáà wa fọ̀ láti ara wàláà. Aládùúgbò wa tó jẹ́ ìyá ìjọ fi òróró pa mí lórí, mo ṣe àmín. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ mi gbé ẹ̀tù dúdú kan wá pé kí n lá a kí inú mi lè ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọkọ mi ló lé e jáde. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, olúkúlùkù sì ń fi ohun tó mọ̀ wò ó. Ohun tó dùn mí ni àkókò tó lọ sí i.

Ní ilé ìwòsàn ńlá yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ náà fún mi, ní ìdí, ó sì wọ̀ dé egungun. Kò pẹ́ rárá tí mo fi rí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ dúró. Ooru ojú dín. Mo jẹ ẹ̀wà, ẹ̀wà ni mo wí, n kò sì sáré lọ síbì kan. Mo lọ kírun Jímọ̀, mo gbọ́ wàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì padà wálé wá ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi tó jẹ́ pé òun náà wà níbẹ̀. Mo tún jókòó nídìí agbada mi. Bí wọ́n bá bi mí pé nígbà wo ni mo láyọ̀ jù láyé, ìgbà abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni màá sọ.

Iye tí wọ́n ń tà á? N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, kí ẹ̀rù má baà lé ẹlòmíràn padà sílé. Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan ti lọ sí i. Nígbà tó yá, a mú owó lọ, wọ́n ní oògùn náà ti tán, wọn kò sì mọ ìgbà tí òmíràn yóò dé.

Ní Ẹ̀jìgbò, ta ni kò lẹ́bí ní Abíjàn? Tèmi ni Ráfátù, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Ó ṣì kéré nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa mú un lọ sọ́hùn-ún, ó sì di obìnrin pàtàkì níbẹ̀, ẹja inú fírísà ló ń tà. Nígbà tí mo fi fóònù sọ fún un pé a kò rí oògùn mọ́, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi lórúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní in níbí."

"Ó wọ́n o, Ráfátù."

"Ṣé mo bi yín léyìí? Kí ló tún ń fẹ́?"

"Dókítà ní kó máa wà nínú òtútù láti ibi tí o bá ti rà á títí yóò fi dé."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi Faransé Abíjàn gbà. "Òtútù? Dákọ̀ọ̀! Ta ló mọ òtútù jù mí lọ?"

Bí oògùn mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ Abíjàn wá nìyẹn. Gbogbo ohun tí ẹ lè rò ni ọkọ̀ yẹn ń kó: aṣọ, ìpara, ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó wá kí ìyá àgbà. Kúlà kékeré tèmi wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, Làmídì, ọmọ Ẹ̀jìgbò bíi tiwa, tó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dé ilé rẹ̀. Bó bá sinmi ìrìn-àjò tán lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi á lọ gbà á. Omi tútù ló máa ń bá nínú kúlà náà, páálí oògùn á sì tutù dáadáa. Ọkọ mi á gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì Tọ́lá ní ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ wa, yóò fi í sínú fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé sí títí èmi yóò fi dé.

Nọ́ọ̀sì Tọ́lá kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò rí irú abẹ́rẹ́ yìí rí, kò sì fi pamọ́ fún mi. Ẹ̀tù ni oògùn náà, inú ìgò kékeré ló wà, omi tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí òtútù kúrò lára méjèèjì, kó pò wọ́n, kó mì ín títí yóò fi funfun bíi mílíìkì, kó sì gún un kíá kó tó sùn sísàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ wọ ìdí mi, ó tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ó ti dí. Nígbà tó fà á yọ, díẹ̀ nínú oògùn tí àbúrò mi fi òógùn rẹ̀ rà ń ṣàn lọ sí itan mi. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́. Wọn ò kọ́ wa ní èyí níléèwé."

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Èmi tí wọ́n gún nídìí ò tíì ké tó ọ."

Ó wá nọ́ńbà àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá, ó ń fi owó ara rẹ̀ pè wọ́n títí wọ́n fi kọ́ ọ. Láti ìgbà náà lọ, abẹ́rẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n kì í pò dáadáa. Ó máa ń ṣù kéékèèké, bí ògì tí wọ́n da omi gbígbóná lé lójijì. Yóò mì ín títí apá yóò fi ro ó.

Ìgbẹ́ padà wá. Ooru padà wá. Kò wá lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ wọlé, oṣù kan á burú ju èyí tó kọjá lọ. Ẹ wá wo ìyọnu nílé wa. Ìyá Ìsúndúnrin ní àwọn ti sọ ọ́, irin ti kàn án, ó ti bínú. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn, ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwọn kan. Ọkọ mi, tí kì í pariwo, lọ bá Nọ́ọ̀sì Tọ́lá, ó sì pariwo mọ́ ọn níwájú àwọn aláìsàn pé òun ló ń ba oògùn jẹ́. Ọmọbìnrin náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, èmi fúnra mi ni mo lọ sí gáréèjì. Mo wà ní Ẹ̀jìgbò, mo gbọ́ pé ọkọ̀ Abíjàn ń wọlé bọ̀, mo ní kí n kúkú lọ gbà á. Làmídì rí mi, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé kúlà náà fún mi bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Mo ṣí i. Yìnyín ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Páálí oògùn dì mọ́ àárín rẹ̀, n kò lè fà á yọ. Nígbà tí mo fi omi yọ́ ọ tí mo ṣí páálí náà, omi oògùn inú rẹ̀ ti di yìnyín gbagidi.

"Ìyá, ẹ rí iṣẹ́ wa!" ni Làmídì wí. "Inú fírísà ẹja ni àbúrò yín ń tọ́jú ẹ̀ sí kí n tó gbéra. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kó yọ́. Bá a bá dé Lómé, mo ra yìnyín sí i. Bá a bá dé Kútọnu, mo tún rà. Gbogbo ìgbà ni mò ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á wò yín sàn."

Mo gbàdúrà fún un. Mo ń fi ayọ̀ gbé kúlà náà lọ bá Nọ́ọ̀sì Tọ́lá, mo fẹ́ kó rí bí àwọn èèyàn mi ṣe fẹ́ràn mi tó. Ó wò ó. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe dókítà, ó sì jẹ́ kí èmi náà máa gbọ́.

"Ẹ má gún un o," ni dókítà wí. "Kó tutù ni, kì í ṣe kó dì. Bó bá ti dì rí, kódà bó yọ́ padà, oògùn náà ti kú."

"Èyí tó ti ń wá tẹ́lẹ̀ ńkọ́, Dókítà?" Èmi ni mo béèrè.

Dókítà bi mí padà pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gbé e wá?"

Gbogbo rẹ̀ ni. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí mo fi ìdí gbà, gbogbo ẹkún nọ́ọ̀sì, gbogbo ẹja tí àbúrò mi tà, oògùn tó ti kú ni a ń gún. Kókó náà ti wà láìsí ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú ní gbogbo àkókò yẹn. Àwòrán tuntun tí wọ́n yà fi hàn pé ó ti gba púpọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ mi. Ọkàn tó ń lù láyà mi pàápàá, họ́mónù rẹ̀ ti bà á jẹ́.

Mo bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo bínú sí Ráfátù, ẹlẹ́ja tó rò pé ohun tó bá dì ni kì í bàjẹ́. Mo bínú sí Làmídì àti yìnyín Lómé rẹ̀. Mo bínú sí dókítà tó ní kó tutù, tí kò sọ ibi tí òtútù yóò dúró. Mo bínú sí àwọn tó ṣe oògùn náà, bí ẹni pé ilé tí iná kì í lọ nìkan ni àìsàn ń wọ̀. Èmi náà ni mo sọ fún Ráfátù pé òtútù ló fẹ́. Nígbà tí ìbínú náà rẹlẹ̀, mo rántí pé ó ti ta fírísà kan nínú méjì rẹ̀ nítorí mi. Ta ni mo fẹ́ nà ní pàṣán?

Ọkọ mi lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Tọ́lá níwájú àwọn aláìsàn, níbi tó ti bú u. Lẹ́yìn náà ó ní kí a pe Ráfátù, kó mọ ohun tó ṣe. Mo ní èmi ni yóò pè é.

"Ráfátù, wọ́n ti yí ìlànà padà. Wọn ò fẹ́ yìnyín lára oògùn náà mọ́. Aṣọ ni kó o fi wé e, kí yìnyín wà lọ́tọ̀, kó kàn máa tutù. Má fi í sí fírísà rárá."

"Dákọ̀ọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo ti ń fi ránṣẹ́ ńkọ́? Kò ṣe yín ní nǹkan?"

"Rárá o. Ó ṣiṣẹ́."

Láti ìgbà náà, oògùn ń dé bó ṣe yẹ. Kì í ṣù mọ́, Nọ́ọ̀sì Tọ́lá ń pò ó bí ẹni tí wọ́n bí sídìí rẹ̀. Ó dín ìgbẹ́ mi kù díẹ̀, n kò ní ṣe aláìmoore. Ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ ti lọ. Ẹsẹ̀ mi wú, ikùn mi wú, bí mo bá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́dọ̀ dúró mí. Ẹlòmíràn ló ń lo agbada mi. Mo bi dókítà pé ṣé yóò tún dì í lọ́wọ́ mú bíi ti àkọ́kọ́, ó ní kí n máa jẹun, kí n máa sinmi. Mo mọ ohun tó sọ.

Nọ́ọ̀sì Tọ́lá ní wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ tó ti wà ní pípò láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, tó jẹ́ pé kí nọ́ọ̀sì kàn gún un ni. Pé ní ibòmíràn, wọ́n ń kọ́ ará ilé aláìsàn pàápàá láti gún un. Ó ní irú èyí náà ṣì ń fẹ́ òtútù, kò sì fẹ́ dídì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, àwọn tó ń ṣe é, ṣé wọ́n mọ̀ pé Ọlá wà láyé?" Bí èyí tó dára jù náà bá tilẹ̀ dé Ẹ̀jìgbò, kò ní bá mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ojú yín ń gbóná lásán, tí inú yín kò dé, tí ẹ sì ń rù, ẹ má fi jẹ̀díjẹ̀dí tan ara yín jẹ, ẹ lọ ya àwòrán inú. Bí wọ́n bá kọ abẹ́rẹ́ yìí fún yín, ẹ má béèrè ohun tó fẹ́ nìkan, ẹ béèrè ohun tó ń pa á. Ẹ lọ fojú ara yín rí i bó ṣe ń ti ọ̀nà bọ̀. Bí ó bá ṣù, ẹ má dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti sùn.

Ẹ lè bi mí pé ṣé n kò bẹ̀rù kí Ráfátù ka èyí. Kò lè kà á. Ó ń sọ Yorùbá bíi tiwa, ṣùgbọ́n Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ ọ kà níléèwé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè mí. Ó ní àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ òun ti mọ̀ mí lórúkọ, pé bí wọ́n bá fẹ́ dín owó, òun á ní ẹja yìí ló ń gbé ẹ̀gbọ́n òun ró, wọ́n á sì san án pé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní Ọlọ́run á san án fún un. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún débi tí ọkọ mi fi jáde síta fún mi.

Bí mo bá kú, yóò wá. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Yóò máa ti ilé dé ilé, yóò máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọlá, ẹ̀yin ará Ẹ̀jìgbò tí ẹ bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ fún un pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.